Ènì Tí Àlàájà Fi Sínú Ẹ̀wà Ìwádìí Mi

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú méje, lọ́jọ́ Sátidé, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo mọ àkókò náà dáadáa nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago ara ògiri tán ni, mo ń sọ fún ara mi pé kí aago méjìlá tó lù, ó yẹ kí n ti parí ìwé tí mo ń kọ. Ilẹ̀ pálọ̀ wa ní Ẹnu Ọ̀wá ni mo jókòó sí, kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi. Àlàájà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé àtẹ lé itan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó mú òkúta kékeré kan, ó jù ú gba ojú fèrèsé, ó wá ní:

"Àwọn ẹ̀wà tí mo fi ṣe ènì fún ọ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n hù dáadáa?"

Mo ní, "Ènì wo, mà?"

"Ènì tí mo fi sí àwọn ẹ̀wà ilé ìwé ẹ. Àbí wọn ò hù ni?"

Kò sí ohun tó yàtọ̀ nínú ohùn rẹ̀. Bí ẹni tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró lórí kọ̀ǹpútà. N kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán, àmọ́ inú mi ti mọ̀ pé ohun tí mo ń kọ lọ́wọ́ kì í ṣe òtítọ́ mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Àlàájà jẹ́, kí ẹ má baà bínú sí i. Èmi náà ò mọ̀ bóyá mo bínú sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi lọ sílé ọkọ mìíràn ní Ìjẹ̀bú, láti ìgbà náà, ọwọ́ Àlàájà ni mo ti dàgbà. Ẹ̀wà ló ń tà ní Ẹ̀bútẹ́ Èrò, ó sì ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n ni ènì. Bí ó bá wọn kọ́ngò kan tán, tí ẹ̀wà ti ga ṣónṣó lórí rẹ̀, tí oníbàárà ti ya ẹnu báàgì, ọwọ́ Àlàájà á tún padà sínú àpò fúnra rẹ̀, á bu ìkúnwọ́ kan lé e. Kì í bu ènì láti inú ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Ó ní ìwọ̀sí ni. Inú àpò tí ó ti wọn ọjà gan-an ló ti ń bu ú. Bí àpò náà bá sì ti tán, á wá irú tó jọ ọ́ jù lọ, á ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i tó sá tẹ̀ lé obìnrin kan dé etí títì nítorí pé ó gbàgbé láti fi ènì sí ọjà rẹ̀.

Èmi ní tèmi, ohun ọ̀gbìn ni mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ìwé gíga kan ní apá kejì afárá. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo gboyè, n kò sì rí iṣẹ́. Ọ̀gá mi, olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣejáde mi, ní kí n máa wá sí yàrá ìwádìí òun láti ràn án lọ́wọ́, pé tí ọdún bá yí po, òun yóò kọ ìwé tí mo lè fi wá àyè láti tẹ̀síwájú. N kò ní pa irọ́ fún yín: ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀. Ìgbà tó yá ni iṣẹ́ náà gan-an wọ̀ mí lára. Ó wọ̀ mí lára débi pé mo máa ń ronú nípa ewé nínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ á fi gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ.

Bí mo ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún Àlàájà nìyí, bóyá yóò yé ẹ̀yin náà. Ilé wa ti pẹ́. Lẹ́bàá àtẹ̀gùn, pátákó kan wà tí súwíìṣì mọ́kànlá wà lára rẹ̀, wọn ò kọ nǹkan kan sí ìkankan. Ẹni tó kàn wọ́n mọ́ ògiri ti kú tipẹ́. Lọ́jọ́ tí oníná wá tún wáyà ṣe, ó ń bi wá pé ti ta ni èyí, ti ta ni ìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wá ń pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró gbọ́ ẹni tí yóò pariwo. Ó pa àkọ́kọ́, bàbá Ìjẹ̀ṣà tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe nísàlẹ̀ figbe ta: "Ta ló pa fáànù mi o? Ṣé ẹ fẹ́ kí n yọ́ bí òrí ni?" Oníná kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pa ìkejì, Àlàájà pariwo láti inú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ iṣẹ́ súwíìṣì kọ̀ọ̀kan láì tú ògiri palẹ̀.

Irú iṣẹ́ tí à ń ṣe nìyẹn. Inú irúgbìn kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀wé gígùn kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju oríṣi mẹ́rin lọ. Apá kọ̀ọ̀kan nínú ìkọ̀wé náà tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ là ń pè ní jíìnì. Jíìnì ló ń sọ fún ewéko bí yóò ṣe ṣe purotéènì, purotéènì sì ni àwọn òṣìṣẹ́ inú ara rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú ẹ̀wà tó dà bíi mẹ́gáàdì ẹnu géètì. Bí bakitéríà tó ń fa àrùn bá wọ inú ewé, tí mẹ́gáàdì yìí sì dá a mọ̀, á ta gbogbo ilé lólobó. Ewé á yára pa ìwọ̀nba ara rẹ̀ tó yí àrùn náà ká, ẹ ó rí àmì pupa kékeré kan lójú rẹ̀, àrùn ò sì ní lè kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú jíìnì mẹ́gáàdì náà, purotéènì rẹ̀ lè má ká bó ṣe yẹ kó ká, bí kọ́kọ́rọ́ tí eyín kan ti wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò ní dá ọ̀tá mọ̀ mọ́. Ewé á pọ́n, á sì gbẹ. Ìgbà tí a bá rí i tó gbẹ ni a máa ń mọ̀ pé súwíìṣì yẹn ni.

Ọ̀gá mi ti ní irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, tí mẹ́gáàdì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ohun tó ń wá báyìí ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi ìtànṣán yí ìkọ̀wé inú irúgbìn ẹ̀wà náà padà lẹ́ẹ̀kejì, níbikíbi tó bá bọ́ sí. A wá ń gbìn ín láti wò ó bóyá a lè rí ẹyọ kan tí ara rẹ̀ tún le padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́gáàdì rẹ̀ ṣì bàjẹ́. Bí a bá rí irú rẹ̀, á jẹ́ pé purotéènì mìíràn wà, tí a kò mọ̀ rí, tó ń bá mẹ́gáàdì ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi ti ń wá a láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, iná ò sí ní ilé ìwé. Ọ̀gá mi ní kí n ka irúgbìn méjìlá méjìlá sínú àpò ìwé mẹ́wàá, ìdílé ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn tó ti ara igi kan wá, nínú àpò tirẹ̀, kí á lè gbìn wọ́n ní ọjọ́ Ajé. Mo gbé e wálé. Kò ní kí n gbé e lọ sílé, kò sì ní kí n má gbé e. Orí tábìlì pálọ̀ ni mo ti kà á. Mo kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan, mo ká ẹnu wọn. Ti keje ya díẹ̀ níbi tí mo ti ń ká a, mo bá fi irin sítépùlù mẹ́ta kàn án pa. Bí mo ṣe parí ni Àlàájà rán mi lọ sí Jánkárà láti lọ gba aṣọ tó san owó rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé, àwọn àpò náà wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, bóyá kí n tilẹ̀ sọ pé wọ́n tò dáadáa ju bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

Ibi tí mo fẹ́ sọ yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ọjọ́ Ajé, mo tú àpò kìíní láti gbìn ín, mo bá ẹ̀wà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀. Mo tún un kà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tú ìkejì: mẹ́rìnlá. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀rù tó yẹ kó bà mí. N kò bẹ̀rù pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí irúgbìn. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé ọ̀gá mi máa mọ̀ pé èmi tí mo gboyè n kò lè ka ẹ̀wà méjìlá. Mo wò yíká ilé onínẹ́ẹ̀tì tí a ti ń gbin nǹkan, n kò rí ẹnìkan. Mo mú ìrésà, mo pa méjìlá rẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀, mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pa èkejì rẹ́, mo kọ mẹ́rìnlá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a lọ títí dé ìkẹwàá. Àpò keje nìkan ló pé méjìlá géérégé, bí mo ṣe kà á, irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìtura tó bá mi nígbà tí mo dé orí àpò yẹn, ojú ń tì mí láti rántí rẹ̀.

Ẹ̀wà hù. Nígbà tí ewé wọn pọ̀ tó, a fi omi tí bakitéríà wà nínú rẹ̀ fọ́n wọn. Ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìkòkò dé ìkòkò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹyọ méjì níbí, ẹyọ mẹ́ta lọ́hùn-ún, wọ́n dúró digbí, ewé wọn tutù minimini, àmì pupa kéékèèké nìkan ló wà lójú wọn. Mo kà wọ́n: mọ́kànlélógún. Mo sáré lọ pe ọ̀gá mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìkòkò kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Wọ́n mà pọ̀ o." Ó tún wò wọ́n. "Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣé ó dá ọ lójú pé inú irúgbìn tí mo fún ọ ni gbogbo wọn ti wá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

N kò pa irọ́, nítorí pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ìrésà yẹn nígbà tí mo ń dáhùn. Kí wá ni a ń pe ìyẹn? N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá mi dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "A ti rí i." Ó ní kí n kọ àkékúrú iṣẹ́ náà, òun yóò fi ránṣẹ́ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní ọjọ́ Ajé, orúkọ mi yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òun. Àkékúrú yẹn ni mo ń kọ ní Sátidé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí Àlàájà fi béèrè ọ̀rọ̀ ènì.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ní, "Àlàájà, ìgbà wo lẹ fi ènì sí i?"

"Ọjọ́ tí mo rán ọ lọ sí Jánkárà. Mo dé ìdí tábìlì, mo rí àpò kéékèèké, mo tú ọ̀kan wò. Ẹ̀wà méjìlá! Mo ní háà. Ẹ̀wà méjìlá lọmọ mi fẹ́ gbé lọ bá ọ̀gá ẹ̀? Kí wọ́n wá gbọ́ pé ilé ẹlẹ́wà ló ti jáde? Ojú tì mí fún ọ."

"Ẹ̀wà ìwádìí ni, mà. A kì í fi nǹkan kan kún un."

"O ò sọ fún mi."

Òótọ́ ni. N kò sọ fún un. Mo ti ṣàlàyé jíìnì, mo ti ṣàlàyé mẹ́gáàdì, mo sì ti ṣàlàyé súwíìṣì. N kò sọ pé kó má fọwọ́ kàn án, nítorí pé kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni lè wo ẹ̀wà méjìlá kí àánú ṣe é.

Mo ní, "Irú ẹ̀wà wo lẹ fi sí i?"

Ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn. "Má fòyà. Mi ò fi ìdọ̀tí ba ọjà ẹ jẹ́. Olóyin tó dé lọ́sẹ̀ yẹn ni. Mo wọ awò ojú mi, mo ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá tìẹ mu ní àwọ̀, tó bá a mu ní títóbi. Wò ó, nígbà tí mo dà wọ́n pọ̀ tán, èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́."

"Mélòó lẹ fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Ta ní ń ka ènì?"

"Ṣé gbogbo àpò lẹ tú?"

"Gbogbo ẹ̀. Àfi ọ̀kan tí o fi irin dí lẹ́nu bí ẹni dí àpò sìmẹ́ńtì. Ó gún mi ní èékánná, mo bá fi sílẹ̀." Ó gbọn àtẹ. "Àbí mo padà sí i ni? Rárá. Mo fi sílẹ̀. Mo rò pé mo fi sílẹ̀."

Àpò keje. Nínú ẹ̀wà mọ́kànlélógún tí ara wọn dá, ẹyọ kan ṣoṣo ló wá láti inú àpò keje.

N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú mi. Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ bí mo ṣe ń wo ọwọ́ Àlàájà lórí àtẹ, tí mo rí i pé àwọn ìka yẹn ti jókòó ṣa ẹ̀wà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú má baà tì mí níwájú ọ̀gá mi, ìbínú náà ò rí ibi jókòó sí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn, mo jẹ́ ẹni tó rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ní báyìí, ẹni tó gbin ẹ̀wà ọjà ni mí, tó sì yà á lẹ́nu pé ẹ̀wà ọjà hù.

Àlàájà tẹjú mọ́ mi. "Kí ló dé tójú ẹ pọ́n? Àbí ènì mi ló kó àrùn ràn wọ́n?"

"Rárá mà. Ènì yín gan-an ni ara wọn dá."

"Ẹn-ẹ́n!" Ó pàtẹ́wọ́, ẹ̀wà ta sílẹ̀. "Mo ṣe bí mo wí! Sọ fún ọ̀gá ẹ kó máa wá ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi, kó yéé gbin olókùnrùn kiri."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ fún. Ó ń da òróró sí máṣíìnì kan nínú. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ìrésà. Nígbà tí mo dé ibi ènì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ike òróró sílẹ̀.

Ó ní, "Àlàájà! Obìnrin yìí á fi ènì sí oògùn dókítà."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?"

Ó nu ojú. "O rántí súwíìṣì kẹsàn-án? Oníná pa á, kò sẹ́ni tó pariwo, ó kọ ọ́ pé kò níṣẹ́. Ìyá Èkìtì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ti lọ sílé ìyàwó ọmọ ẹ̀. Ìgbà tó dé, ó lo ọjọ́ mẹ́rin nínú òkùnkùn, ó ń bú ìjọba."

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn, sà?"

"Pé ẹni tó ń gbọ́ ariwo gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó wà nílé. Ọ̀gá ẹ ò mọ àwọn tó wà nílé. Lọ sọ fún un."

"Tó bá lé mi ńkọ́?"

"Kó lé ọ. Màá kọ́ ọ ní máṣíìnì." Ó wo ọwọ́ mi. "Ṣùgbọ́n o ní láti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan."

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé ọ́fíìsì ọ̀gá mi kí aago mẹ́jọ tó lù. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí nínú ọkọ̀ láti orí afárá. Mo fẹ́ sọ nípa Àlàájà, àti ènì, àti ìrésà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Àkékúrú náà ti wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti fúnra rẹ̀ parí èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i ní Jímọ̀, orúkọ mi wà níbẹ̀, ó sì tọ́ ní gbogbo àmì. Bóyá àmì orí orúkọ mi tó fara balẹ̀ fi síbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Mo ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Mo rò pé mo ṣe àṣìṣe níbi iye irúgbìn."

Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo dúró kí ìyókù jáde, kò jáde.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ara ì bá tù mí. Ó kàn ti ojú ìwé náà pa, ó ní ìpàdé mìíràn á tún wà. Lẹ́yìn náà ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù láti ṣe: ká ka ìkọ̀wé inú ewé wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí i pé jíìnì mẹ́gáàdì ṣì bàjẹ́ nínú ewéko tí ara rẹ̀ dá, a ti rí ohun tí à ń wá. Bí a bá rí i pé mẹ́gáàdì rẹ̀ pé pérépéré, á jẹ́ ẹ̀wà mìíràn ló yọ́ wọlé. Àmọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ bá a kà á, àyè ewéko ẹyọ kan ni wọ́n ní fún un báyìí.

Ó ní, "Ìwọ lo gbìn wọ́n, ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Mo ń lọ sí ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó dé, mú ẹyọ kan tó dá ọ lójú jù lọ. Ewé rẹ̀ la máa fi ránṣẹ́."

Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo sì jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé ẹ rí ibi tí mo wà? Bí mo bá mú ewé ti àpò keje fún un, kò sẹ́ni tó máa mọ ìdí tí mo fi mú un. Bí Àlàájà kò bá fọwọ́ kan àpò náà lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan yẹn jẹ́ ohun tí ọ̀gá mi ti ń wá fún ọdún wọ̀nyí. Á dunnú, á kọ ìwé mi, orúkọ mi á padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ènì àti ìrésà á sì rì sábẹ́ rẹ̀ láéláé. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Màá ti ṣe ohun tó tọ́ pẹ̀lú ẹnu tó dákẹ́. Ṣé ohun tó tọ́ ni yóò ṣì jẹ́?

Bí mo bá sì sọ gbogbo rẹ̀, mo mọ bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá ti yí nọ́ńbà kan padà, kò tún ní gba nọ́ńbà mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè ní kí a tú gbogbo ìkòkò dànù, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irúgbìn mìíràn. Ti keje á bá wọn lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìdílé rẹ̀ kò sì ní irúgbìn mìíràn tó kù, méjìlá yẹn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìwé mi ni mò ń dáàbò bò, mo kàn ń fi ewéko bo ojú ni. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ewéko náà gan-an ni. Mo ti ronú sí i tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, bí Àlàájà kò ṣe mọ ẹ̀wà tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi mọ́.

Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ bomi rin wọ́n. Ti keje ti so pódi mẹ́rin, èèpo tí ẹ̀wà máa wà nínú rẹ̀. Lálaalẹ́, bí mo bá ti ń bọ́ bàtà, Àlàájà á béèrè láti ìdí sítóòfù, "Àwọn tèmi ńkọ́?" Màá ní, "Ara wọn le, mà." Á ní, "Mo mọ̀." Kò mọ̀ pé ó ba nǹkan kan jẹ́, n kò sì tíì lè sọ fún un, nítorí bó bá mọ̀, mo mọ ohun tó máa ṣe: á gbé kọ́ngò ẹ̀wà méjì, á kọjá afárá, á lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá mi láti bẹ̀bẹ̀ fún mi. Á sì fi ènì sí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọ̀gá mi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà jù mí lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti fi irọ́ kékeré bo àṣìṣe kékeré rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pè é lórí fóònù báyìí kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ẹyọ kan yẹn sí? Ṣé kí n kọ́kọ́ fi ewé náà ránṣẹ́, kí n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí èsì bá dé, nígbà tí òtítọ́ á ti ní ẹlẹ́rìí? Bí mo bá sì máa sọ ọ́, báwo ni mo ṣe máa dárúkọ ènì Àlàájà tí kò ní dà bíi pé òun ni mo fi ẹ̀bi ìrésà mi lé lórí? Ẹ má sọ fún mi pé kí n tẹ̀ lé ọkàn mi. Mo ti bi í. Òun náà ò mọ̀.

Mo ti gé àpò ìwé kékeré tí mo máa kó ewé sí, mo sì ti kọ ọjọ́ sára rẹ̀. N kò tíì kọ nọ́ńbà. Ewé náà ṣì wà lára igi rẹ̀.